Adágún Ọ̀yán Nígbà Ọyẹ́
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ àwọn ará ìjọ ní Aiyétòrò

Àwọn baba wa wípé, omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ li ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí nwá oúnjẹ rẹ̀ nínú omi kò gbọdọ̀ ṣe aláìmọ ìwà omi. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ bá nyín sọ̀rọ̀ li òní nípa Adágún Ọ̀yán, àti ohun tí ọyẹ́ nṣe fún ẹja rẹ̀ àti fún àwọn apẹja rẹ̀.

Adágún yí kì iṣe ti àtaiyébáiyé. Ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò náà, ní ibi tí odò Ọ̀yán àti odò Ofiki gbé pàdé, li apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta. A ṣe é kí ó lè gba omi tó mílíọ̀nù 270 kúbíkì mítà, fún omi mímu Abẹ́òkúta àti Èkó, àti fún oko àbomirin. Omi náà bo ilẹ̀ oko ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìà, ó sì di dandan fún wọn láti tẹ̀dó titun sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá gbé dúró, ẹja a dé. Níbi tí ẹja bá sì gbé wà, apẹja kì yíò jìnnà.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a wo òtútù. Láti oṣù Dìsẹ́ḿbà títí dé Fébúárì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ nfẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Kùrukùru a bo ojú omi, òru a sì tutù. Ara ẹja kò dàbí ti wa, tí ó ní ooru tirẹ̀. Bí omi bá ti rí, bẹ́ẹ̀ li ara rẹ̀ rí. Bí omi bá tutù, epìyà a rọ̀ sí ibú, kì í jẹun púpọ̀, kì í sì rìn kiri bọ́ sínú àwọ̀n. Omi òkè tí òru mú tutù a wúwo, a sì rì. Omi ìsàlẹ̀, tí èémí kò pọ̀ nínú rẹ̀, a sì gòkè wá. Nígbà náà li a lè rí ẹja tí nmí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Ṣùgbọ́n àrọ̀, tí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, a máa yè é. Mo bi àgbà apẹja kan pé, “Baba, èéṣe tí ẹ kì í tètè jáde li òwúrọ̀ ọyẹ́?” Ó dáhùn pé, “Alùfáà, ẹja pẹ̀lú nsá òtútù. Bí mo lọ li òwúrọ̀, ọwọ́ òfo ni ngó bọ̀.”

Èkejì, omi nfà. Òjò kò rọ̀, ìlú sì nmu omi. Nítorí náà adágún nsún sẹ́hìn lójojúmọ́, ẹja a sì kún inú omi kékeré. Èyí ni ìdánwò apẹja. Ẹlòmíràn a ju àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn a tilẹ̀ da májèlé sómi. Ẹni tí ó kó ọmọ ẹja li ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ irúgbìn rẹ̀ kí òjò tó dé. Májèlé pẹ̀lú kò mọ ẹja yàtọ̀ sí ènìà. Omi kan náà li àwọn ọmọ wa nmu.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn mí jùlọ. Kòkòrò kan mbẹ tí ojú kò lè rí, tí nmú àtọ̀sí ajá wá. Inú ìgbín kékeré tí nlẹ̀ mọ́ koríko etí omi li ó ti ndàgbà. Nígbà ọ̀sán, tí oòrùn mú omi móoru, li ó njáde jùlọ, a sì gba awọ ara wọlé. Lẹ́hìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sé odò yí, àwọn oníwádìí ti rí àrùn náà púpọ̀ ní àwọn abúlé etí adágún. Ẹ wò ó bí ẹni tí ó sá fún òtútù òwúrọ̀ ti nbọ́ sọ́wọ́ kòkòrò ọ̀sán! Ní ibi púpọ̀ a nrẹ́rìn sí i pé ọmọkùnrin ndi ọkùnrin. Ará, kì iṣe àmì ìbàlágà. Àpò ìtọ̀ li ó nbàjẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́hìn ọdún púpọ̀.

Kíni kí a ṣe? Èmi kò wípé kí apẹja ká àwọ̀n rẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ kò lè jẹ ìmọ̀ràn yó. Kí ó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ dípò kí ó wọ inú koríko. Bí ó bá di dandan kí ó wọ̀ ọ́, kí ó wọ bàtà rọ́bà gígùn. Kí àwọn ọmọ má lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Omi ìwẹ̀, kí a pọn ọ́n sínú ìkòkò, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, nítorí kòkòrò náà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìrí ènìà kí ó tó kú. Jùlọ, kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ sómi, nítorí láti inú ìtọ̀ li ẹyin kòkòrò ti npadà tọ ìgbín lọ. Oògùn rẹ̀ mbẹ, praziquantel li orúkọ rẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn a máa fi ìwọ̀n ara díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lò ó tán tí ó sì padà sínú koríko kan náà lè tún kó àrùn náà.

Ẹ̀nyin tí ẹ mọ̀wé, ẹja Ọ̀yán nbẹ nínú ọbẹ̀ wa. Bí ẹ bá lọ rà á, ẹ ka ìwé yí sí etí ẹni tí ó pa á fún nyín, kí ẹ sì bi í léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.