Ààwẹ̀ Ni, Tàbí Ìbẹ̀rù Oúnjẹ?

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa tó ń kàwé ní yunifásítì Àkùngbá la mú wá. Ọmọ tí kì í jẹ sààrì, tó ń fi omi lásán ṣínu, tó bá sì fipá jẹ iyán díẹ̀, a lọ bì í nítorí ẹ̀rù sísanra, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ẹ má yìn ín pé ó mọ ààwẹ̀ gbà. Àárẹ̀ ọkàn lè ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní àgbá, ṣé eré lẹ pe ìyẹn? Suratul Baqarah, aya 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹun, kó san án lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ fà á mọ́ra, ẹ mú un lọ rí dókítà kí ẹ tó mẹ́nu ba ààwẹ̀ ọ̀la.