Irọ́ A Máa Yan Ẹni Tí Yóò Bà

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùdìbò tuntun ní Òkè-Bùkún



Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irọ́ ba ìdìbò jẹ́ kì í pa irọ́ kan náà mọ́ gbogbo ènìyàn. Bí olùdíje bá jẹ́ ọkùnrin, wọn a ní ó kówó jẹ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ a di ti ọkọ àti ti ìwà rẹ̀ nínú ilé. Bí òbí rẹ̀ kan bá wá láti ẹ̀yà mìíràn, wọn a pè é ní àlejò.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Èkó ṣáájú ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ọmọ Yorùbá ni Gbadebo Rhodes-Vivour, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje. Igbo ni ìyá rẹ̀. Àwọn kan ń gbé orúkọ Igbo tí ó ń jẹ́ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Èkó. Abala 92 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sì ti ka ìpolongo tí ń tàbùkù ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn léèwọ̀. Ní ọjọ́ ìdìbò, àwọn jàǹdùkú lé àwọn tí wọ́n rò pé Igbo ni kúrò ní ibùdó ìdìbò kan àti òmíràn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ìrísí wọn jọ ti Igbo fara gbá níbẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìdìbò gómìnà, wọ́n dáná sun ilé Salome Abuh, aṣáájú obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ní Ochadamu. Inú iná náà ni ó kú sí. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ìbọn ń dún, kí obìnrin má jáde, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ìwà ipá tòótọ́ ni ó ń fún irọ́ lágbára.

Nítorí náà, bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó fẹ́ kí ó jókòó sílé? Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ pe ẹni tí ó wà ní ibùdó ìdìbò, tàbí òṣìṣẹ́ INEC. Bí ewu bá wà lóòótọ́, ẹ sọ fún ọlọ́pàá.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìdìbò. Bí òtítọ́ bá dé ní ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n ti ka ìbò tán.