Iná Inú Àjà àti Ohun tí Ó Wà Lókè Rẹ̀

Ẹgbẹ́ ní kí á wá sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe ilé gbígbé. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, àkókò tí a fún wa kò sì tó nǹkan. Nítorí náà ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni a mú nínú rẹ̀, èyí tí ó ti wọ ilé titun àti ilé àtijọ́ káàkiri ìlú: iná tí a ń dá àjà lu láti tẹ̀ bọ inú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ bá àjà dọ́gba, tí ènìyàn kì í rí ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tí ó máa ń gbà wọlé kò ṣe àjèjì sí yín. Ọmọ wa tí ó wà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà yóò ya àwòrán yàrá ìgbàlejò rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tí ń bá a bójú tó iṣẹ́ ilé, yóò ní bí òun ṣe fẹ́ kí tàwọn òbí àwọn rí nìyẹn. Àbúrò yóò fi àwòrán han oníṣẹ́ iná. Oníṣẹ́ yóò ka iye iná tí ó wà nínú rẹ̀, yóò sì gbé ayùn sókè. Ire ni gbogbo wọn ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè ohun tí ó wà lókè àjà, nítorí àwòrán kò fi í hàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a wá bá iná náà jà. Ó dára lójú, kì í gba àyè, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ síbi tí a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan kò jọ èkejì. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti òyìnbó, òkè àjà yàrá ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ yàrá òkè wà. Àjà yìí ni ó ń dá iná ọmọ ọ̀rara dúró fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn tí ó sùn lókè lè rí ọ̀nà sá. Bí a bá dá a lu ní ojú mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wàá ni a là fún ìjàm̀bá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta irú kan níbẹ̀ tí a ti dán wò pé kò ní jẹ́ kí ihò náà sọ àjà di aláìlágbára fún 30, 60 tàbí 90 ìṣẹ́jú. Lábẹ́ òrùlé, wọ́n tún ń tẹ́ òwú nítorí òtútù; iná tí a kò ṣe fún irú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òwú, kí ooru má baà há mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí òwú lè fi ara kàn láìséwu ni wọ́n ń kọ IC sí lára. Kí ẹ̀yin ará wa níbẹ̀ wo ara páálí kí ẹ tó sanwó.

Tiwa nílé yàtọ̀. Òtútù kọ́ ni ìṣòro wa. Lókè àjà wa ni páànù wà, lábẹ́ páànù ni igi, láàárín igi ni eruku, ìtẹ́ ẹyẹ àti eku. Ẹni tí ó bá ti gun òkè àjà lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yóò bá wa jẹ́rìí pé bí inú ààrò ni ó rí. Inú ooru yìí ni a ń gbé ìdí iná sí. Gílóòbù halogen tí ó gbòde ṣáájú sábà máa ń jẹ 50 wáàtì. Bí méjìlá bá wà ní pálọ̀, 600 wáàtì nìyẹn, ooru ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń dà. Ẹ jẹ́ kí á jáwọ́ nínú rẹ̀. Gílóòbù LED tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ tó o kì í sábà ju wáàtì 5 sí 7 lọ, méjìlá rẹ̀ kò sì tó 100 wáàtì, ẹrù tí ínfátà kékeré lè gbé.

Síbẹ̀, LED pẹ̀lú kò fẹ́ràn ooru. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń sọ agbára iná di ìwọ̀n tí ó lè gbà. Lára iná pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa, ẹ̀rọ yìí máa ń dá wà lẹ́yìn rẹ̀ bí páálí ìṣáná, ooru àti iná tí ń lọ sókè sódò sì lè pa á kí ojú iná fúnra rẹ̀ tó kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ju gbogbo rẹ̀ nù, wọn a ra òmíràn tí kò bá ihò mu, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ àjà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a ra èyí tí gílóòbù rẹ̀ ṣeé yọ, bí irú ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń pè ní GU10, tàbí kí a ra ẹ̀rọ náà mẹ́ta mẹ́rin pa mọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ṣùgbọ́n ooru kọ́ ni ó bà wá lẹ́rù jù lọ. Eruku ni. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn baba wa kọ́ ni àjà wọn jẹ́ asbestos, pátákó aláwọ̀ eérú tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ mọ́ ní oríkèé. Bí ó bá wà ní pípé tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bí a bá fi ayùn gbẹ́ ẹ, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí ojú kò lè rí a tú sínú afẹ́fẹ́, a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì jókòó síbẹ̀. Àìsàn tí ó ń fà, tí jẹjẹrẹ wà lára wọn, lè fi ogún ọdún sí ogójì ọdún pamọ́ kí ó tó yọjú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é láti ọdún 1999. Ẹ wo oníṣẹ́ tí ó gbójú sókè tí eruku ń já lé e lójú. Ẹ wo ọmọdé tí a ní kí ó wá gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí a fi ṣe àjà yín, ẹ má ṣe dá a lu. Ẹ gbé iná sára ògiri, tàbí kí ẹ lo ojú iná tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì pinnu láti yọ irú àjà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ òòlù: kí a fi omi rin ín, kí a yọ ọ́ ní odindi, kí ẹni tí ń yọ ọ́ lo ìbomú tí a ṣe fún irú eruku yẹn, kí àwọn ará ilé sì kúrò níbẹ̀. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò tó.

Kí oníṣẹ́ tó gun òkè, kí ó pa iná ní orísun rẹ̀. Orísun náà kì í ṣe ọ̀kan mọ́ ní ilé wa: wáyà ìta wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ínfátà àti bátìrì iná oòrùn wà. Bí a bá pa ti ìta nìkan, ínfátà lè gbé iná wọ wáyà tí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí ó tó ṣẹ́jú. “Wọ́n ti mú iná lọ” kì í ṣe ààbò. 230 fóólútì kò mọ ọmọ ìlú yàtọ̀ sí àlejò. Kí a pa gbogbo rẹ̀, kí a fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnì kan sì dúró tì í kí ọmọdé má baà tan án. Ibi tí wáyà ti pàdé wáyà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí rẹ̀. Kí a má ṣe lọ́ wọn pọ̀ kí a fi téèpù wé e lórí igi gbígbẹ, nítorí ooru a máa tú téèpù, eku a sì máa jẹ ara wáyà. Kí wáyà gba inú páìpù, kí èyí tí ó wọ ilẹ̀ sì dé ara iná tí ó bá jẹ́ onírin.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi sọ láìfi pamọ́. Láti ọdún 2005 ni òfin ilé kíkọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi iṣẹ́ iná inú ilé sábẹ́ ìlànà, ẹ kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan tiyín. Èéṣe tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dá owó tí ó kéré jù ni ẹ ń gbéṣẹ́ fún nílé, ní ilé tí ìyá yín ń sùn? Àwọn oníṣẹ́ tí NEMSA fún ní ìwé ẹ̀rí wà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín.

Nípa iye iná, a kò rí ìdí tí pálọ̀ fi níláti dà bí ọ̀run oníràwọ̀. Kí ẹni tí yóò gbé inú ilé sọ ibi tí ojú rẹ̀ ti ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀: ìdí àga tí baba ti ń ka Bíbélì tàbí Kùránì, ibi tí ìyá ti ń ṣa ẹ̀wà, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Kí a má ṣe fi iná sókè ibi tí apá fáànù ń gbà kọjá, nítorí gbogbo yàrá ni yóò máa ṣẹ́jú, orí a sì máa fọ́ àgbàlagbà. Nínú ilé ìwẹ̀, èyí tí omi kò lè wọ̀ ni kí a lò.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí oníṣẹ́ ya àwòrán ọ̀nà tí wáyà gbà lókè àjà, kí ó kọ ìwọ̀n ihò àti irú gílóòbù sí i, kí a sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, kí a fi èkejì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó sanwó. Àjà tí ó bá pa dé tán kò ní sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún oníṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, a ti ṣe tán láti gbọ́ ọ.