Bí A Ṣe Lè Fi Owó Díẹ̀ Ra Ẹ̀rọ CD Tòkunbọ̀ Tí Ó Dára

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ wa ní Igbó-Ọrà

Bí ọ̀rọ̀ wa bá dà bí ọ̀rọ̀ ọjà ju ọ̀rọ̀ àṣà lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí i títí dé òpin, nítorí ohùn àwọn àgbà wa ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ní àpótí kan tí àwo CD kún inú rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ orin àwọn àgbà olórin tí a tún tẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí sákárà Yusuf Ọlátúnjí àti àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Bí ìwọ̀nyí bá sọnù, a lè tún wọn rà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí àwa fúnra wa gbà sílẹ̀ káàkiri ìlú méje Ìbàràpá: ìjálá àwọn ọdẹ, oríkì orílẹ̀, àti ẹkún ìyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sun ẹkún ìyàwó fún wa ni ìyá arúgbó kan tí ó ti fi ilẹ̀ bora. Ní ọjọ́ ìrántí rẹ̀, a gbé ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà síwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gba àwo, ó ń yí i, ó ń yí i, kò fọhùn rárá. Àwọn ọmọ náà ń wo wá, àwa ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu láti kọ́ bí a ti í ra ẹ̀rọ yìí, ohun tí a sì kọ́ ni a mú wá fún yín lónìí.

Ní ọdún 1982 ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ CD ní ilẹ̀ Jàpáánì, lẹ́yìn tí òun àti ilé-iṣẹ́ Philips ti jọ ṣe ètò rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ní abẹ́rẹ́ bí giramafóònù. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni ó ń ka àwo náà, láti àárín lọ sí etí. Ní àárín, àwo a máa yí tó ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dé etí, a dín kù sí bíi 200. Ẹyinjú lésà yìí àti ohun tí ń yí àwo ni ẹ̀mí ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán ara rẹ̀ tàn yín jẹ: aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ, ìbá à ṣe ní Alábà l'Ékòó tàbí ní Ìbàdàn, kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ó mú àwo mẹ́ta lọ́wọ́: èyí tí ó mọ́ tónítóní, èyí tí orin rẹ̀ gùn ju ìṣẹ́jú 70 lọ, àti èyí tí a dà kọ nílé. Lẹ́yìn náà kí ó ṣe ìdánwò márùn-ún.

Èkíní, kí ó ṣí àpótí àwo, kí ó sì pa á dé, nígbà márùn-ún. Bí ó bá ń lọ́ra tàbí tí ó ń há, rọ́bà inú rẹ̀ ti gan. Àtúnṣe èyí kò wọ́n. Èkejì, kí ó fi àwo mímọ́ sí i. Láìpẹ́, ó yẹ kí iye orin hàn lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí wà lójú lésà, tàbí kí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ó fo lọ sí orin ìkẹyìn lórí àwo gígùn, nítorí ní etí ni ẹ̀rọ tí kò pé máa ń kọsẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ó fi àwo tí a dà kọ nílé sí i. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó ti ilé-iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè kà á. Níbí gan-an ni ojú ti tì wá: àwo ìyá náà kò bàjẹ́, ẹ̀rọ wa ni kò lè kà á. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwo MP3, tí ó ń gba ọgọ́rùn-ún orin, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ CD ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀karùn-ún, kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ kọrin fún ààbọ̀ wákàtí títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná, kí ó sì gbọ́ bóyá ohùn ń jáde ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí ẹni tí ń tà bá kánjú lé e, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún ń bẹ. Iná tiwa jẹ́ volt 230. Ti Jàpáánì jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ó bá ki ẹ̀rọ Jàpáánì bọ iná tiwa láìsí step-down, èéfín ni yóò rí dípò orin. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu.

Ní ti owó, ẹ má ṣe ná gbogbo rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, ẹ fi ìdá kan pamọ́ fún àtúnṣe. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ CD mìíràn kò ní ohùn tirẹ̀, àfi bí a bá so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnga àti ìsọ̀rọ̀gbè; ẹni tí kò bá ní ìwọ̀nyí, kí ó ra èyí tí ó ní gbogbo rẹ̀ papọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìlú yín léèrè irú ẹyinjú tí ó lè rí rà. Irú èyí tí a ń pè ní KSS-213 wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ṣeé rí. Ẹ̀rọ olówó iyebíye tí a kò rí ẹyinjú rẹ̀ rà mọ́, ẹrù lásán ni. Ẹ̀rọ DVD tòkunbọ̀ pẹ̀lú a máa ka CD, púpọ̀ nínú wọn a sì máa ka MP3. Fún ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, kò burú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ fi aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́ nítorí eruku. Bí ẹ bá ń nu àwo, ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe yíká. Ojú tí a kọ orúkọ sí ni ó tètè ń bàjẹ́ jùlọ, ẹ má ṣe fi nǹkan ha á. Ẹ má sì fi àwo tí a dà kọ nílé sílẹ̀ nínú oòrùn, nítorí oòrùn a máa pa ohun tí a kọ sí i rẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti ra ẹ̀rọ mìíràn, a sì ti pe àwọn ọmọ ìyá náà padà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde, àkọ́bí rẹ̀ dáhùn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ pè é láti yàrá kejì. Ṣùgbọ́n àwo kan ṣoṣo ni ohùn náà wà. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ yìí: kí a fi ẹ̀rọ tí a rà yìí gbọ́ gbogbo àwo inú àpótí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì da ohùn wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà ní ibi méjì, kí ó tó pẹ́ jù. Àgbà tí ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ti ṣe tirẹ̀. Ó ku tiwa.