Irun Tó Ń Re Nítorí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Irun tó já yàtọ̀ sí irun tó re. Èyí tó já ṣẹ́ láàárín, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú awọ. Èyí tó re bọ́ látìdí: bí wọ́n bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á rí kókó funfun kékeré kan níbi tó ti kúrò lára awọ. Ríre yìí ni àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń fà lára àwọn kan tó ń lò wọ́n. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i lára àwọn tó ń lo sertraline, àti fluoxetine tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lópin 1987, tí ayé mọ̀ sí Prozac. Nígbà tí ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi oríṣiríṣi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wéra, ewu ti bupropion ló ga jù.

Irun bí 100,000 ló wà lórí àgbàlagbà. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á dàgbà fún bí ọdún 2 sí 6, á sinmi fún nǹkan bí oṣù 3, á wá re kí òmíràn lè hù. Nítorí pé wọn kì í jọ sinmi lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́nrán 50 sí 100 péré ló ń bọ́ lójúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fura. Oògùn lè da ètò yìí rú. Á ti ọ̀pọ̀ fọ́nrán tó ṣì yẹ kó máa dàgbà sínú ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá di oṣù 2 sí 4, gbogbo wọn á jọ máa re. Albert Kligman, oníṣègùn awọ ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú irun ríre bẹ́ẹ̀ ní telogen effluvium ní 1961.

Àlàfo oṣù mélòó kan yìí ló ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lóṣù Ṣẹẹrẹ lè wà títí di oṣù Igbe kó tó rí irun jọ sórí ìrọ̀rí àti sínú òòyà. Ìpara tó rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló máa dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, oògùn ló ń ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi: ibà líle, ìbímọ, iṣẹ́ abẹ, àìtó èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀, kódà ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò jẹ́ kí ènìyàn jẹun, gbogbo wọn lè mú irun re bákan náà. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Á fi ìka mú fọ́nrán bí 60, á rọra fà á. Bí èyí tó tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ bá ju 6 lọ, irun náà ń re ju bó ṣe yẹ lọ. Á tún wo ibi tó ti ṣí. Irun dídì tó le máa ń pa etí iwájú orí. Ti oògùn máa ń fẹ́lẹ́ káàkiri.

Ìbànújẹ́ tuntun ni irun ríre fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ìbànújẹ́, kò sì yẹ kí dókítà fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn mìíràn á dá oògùn dúró fúnra wọn. Ewu ńlá ni: òòyì àti àìrí-oorun-sùn lè dé láàárín ọjọ́ mélòó kan, àìsàn náà sì lè padà. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kó ní kí aláìsàn ṣì ní sùúrù bí oògùn náà bá ń ṣe é lóore. Gbòǹgbò irun kò kú. Bí ohun tó fà á bá kúrò, láàárín oṣù 3 sí 6, irun kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí iwájú orí, àmọ́ kó tó gùn bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó lè ju ọdún kan lọ.