Ta Ni Ó Fọwọ́ Sí Ìwé Ilẹ̀ Tí A Fẹ́ Rà?



Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, pàápàá jùlọ ilẹ̀ tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Olùtajà yóò ní, “Mo ní ìwé.” Púpọ̀ nínú wa kì í béèrè pé irú ìwé wo ni. Bẹ́ẹ̀, ìwé ju ìwé lọ.

Rìsíìtì ẹbí onílẹ̀ ń fi hàn pé owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí olùrà bá ti wà lórí ilẹ̀ náà, ilé-ẹjọ́ lè gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n rìsíìtì nìkan kò sọ ọ́ di onílẹ̀ ní kíkún. Ìwé tí ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ kan sí òmíràn ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní deed of assignment. Inú rẹ̀ ni a ti ń ka ìtàn ilẹ̀ náà: ta ni ó kọ́kọ́ ni ín, ta ni ó tà á, àti ọdún wo.

Níbi ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ìwé tí a tẹ̀ dáradára lè jẹ́ òfìfo bí ẹni tí ó fọwọ́ sí i kò bá ní àṣẹ. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ là á sílẹ̀ pé bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ìfohùnsí àwọn àgbà, wọ́n lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí a wọ́gi lé e. Ẹ wá wò ó: Alhaji kan ra ilẹ̀ lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀, ó san owó pé, olóòótọ́ ni, ó sì tà á fún yín. Òtítọ́ Alhaji kò wo àbùkù ìdí ilẹ̀ náà sàn. Ẹni tí kò ní, kí ni yóò fi fúnni?

Ẹ̀wẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 béèrè ìyọ̀ǹda Gómìnà kí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ tó gbé e fún ẹlòmíràn. Abala 26 sọ pé ohun tí a bá ṣe lòdì sí òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sì yẹ kí orúkọ C of O mú wa sùn lọ. Ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé òun ni ilẹ̀ tọ́ sí jù.

Nítorí náà, kí owó tó jáde, kí lọ́yà yín, kì í ṣe lọ́yà olùtajà, lọ yẹ ìwé wò ní ilé-iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ní Èkó, Àlàúsà ni. Kí awọnlẹ̀ sì gbé nọ́ńbà inú sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, kí a mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Kí a bi àwọn aládùúgbò pẹ̀lú. Wọn a máa mọ ohun tí kò sí nínú fáìlì.

Òfin Èkó ti ọdún 2016 sọ títa ilẹ̀ tí a ti tà tẹ́lẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n olùtajà kì í dá owó padà. Ní Amẹ́ríkà, olùrà lè san owó fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kí ó dúró fún irú ewu yìí. Níhìn-ín, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé olùtajà yóò dá owó padà bí onílẹ̀ mìíràn bá yọjú. Owó ìyọ̀ǹda àti ti ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú, kí a kà á mọ́ iye ilẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti ń ná an.