Igi Kékeré Tó Ń Pàwọ̀ Dà: Èwo Lẹ Máa Gbìn Síwájú Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ òní kan àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní apá ìlà-oòrùn níbí, láti Maryland títí dé Massachusetts, tí ilẹ̀ iwájú ilé wa kò ju bí ẹní méjì lọ.

Ìgbà ìwọ́wé ti dé. Igi ẹ̀bá títì ti ń pọ́n, gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò. Ìbéèrè tó sì ń wọlé sí DM mi jù ni pé, "Igi kékeré wo ni mo lè gbìn tí á máa pọ́n báyìí?" Ẹni tó bá ń kánjú, kó gba orúkọ náà báyìí: Fothergilla gardenii. Ẹni tó bá ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ìdí rẹ̀.

Ewé ò kàn dédé pọ́n. Ohun kan wà nínú ewé tí wọ́n ń pè ní chlorophyll. Òun ló fún un ní àwọ̀ ewéko, òun náà ló ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fi ṣe oúnjẹ fún igi. Tí ilẹ̀ bá ti ń tètè ṣú, igi á mọ̀ pé òtútù ń bọ̀, kò sì ní ṣe chlorophyll tuntun mọ́. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ṣe ń tán, àwọ̀ ìyeyè tó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí á yọjú. Ti pupa yàtọ̀. Igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni, láti ara ṣúgà tó há sínú ewé, nígbà tí oòrùn bá ràn dáadáa lọ́sàn-án tí òtútù sì mú lóru. Ìdí nìyẹn tí igi abẹ́ ibòòji kì í fi í pọ́n tó èyí tó wà nínú oòrùn.

Ẹ má sì rò pé nǹkan àjèjì ni. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkó mọ igi fúrúùtù inú ọgbà ilé ìwé. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ewé ńláńlá rẹ̀ á pọ́n, á wọ́ sílẹ̀, ọmọ ilé ìwé á sì gbá a. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń wọ́ tọ̀hún, òtútù ló ń wọ́ ti ibí.

Ó dáa. Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta igi, èyí tí wọ́n lè kọ́kọ́ fi hàn yín ni burning bush, Euonymus alatus. Ó ń pọ́n bí iná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ "Compactus" sí lára lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10. Ṣé ìyẹn ni igi kékeré? Ìkejì ló wá lágbára jù. Ìlà-oòrùn Éṣíà ló ti wá. Àwọn ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ sínú igbó, ibẹ̀ ló ti ń gba ààyè mọ́ àwọn igi tó ti wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Massachusetts àti New Hampshire ti fòfin de títà rẹ̀. Barberry ti Japan náà wà níbẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún kékeré yẹn. New York àti Pennsylvania ti fòfin de títà òun náà, yàtọ̀ sí àwọn oríṣi díẹ̀ tí kì í so èso tó lè hù. Àwọn eégbọn tó ń kó àrùn Lyme ran èèyàn sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ṣé àlejò kọ́ ni àwa náà?" Àlejò ni wá. Ṣùgbọ́n èèyàn ṣeé bá sọ̀rọ̀. Hóró tó bá ti dé inú igbó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbin ìyá rẹ̀, iṣẹ́ àtifà á tu á sì di ti ẹlòmíì.

Fothergilla ní tiẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni, láti North Carolina lọ dé Florida àti Alabama. Ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 ló sábà máa ń ga mọ. Nígbà ìrúwé, á yọ òdòdó funfun tó rí bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò, òórùn rẹ̀ sì dà bí oyin. Nígbà ìwọ́wé, igi kan ṣoṣo lè ní ewé ìyeyè, ewé aláwọ̀ ọsàn àti ewé pupa lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà méjì ni wọ́n fi sọrí: John Fothergill ti London, àti Alexander Garden ti Charleston, ẹni tí wọ́n tún fi sọ òdòdó gardenia lórúkọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ka ara ìkòkò rẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń jẹ́ Mount Airy dára, ṣùgbọ́n ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Blue Mist, tí ewé rẹ̀ dà bíi búlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sábà pọ́n tó àwọn yòókù.

Báwo lẹ ṣe máa gbìn ín? Ẹ wá ibi tí oòrùn ń dé. Ilẹ̀ tó ní ásíìdì ló fẹ́, ilẹ̀ tó ń mu omi ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró sí. Ẹ má gbìn ín mọ́ ara ògiri, nítorí sìmẹ́ǹtì máa ń ba ásíìdì ilẹ̀ jẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìdí igi náà, ẹ má jẹ́ kó jìn ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ fi èèpo igi páìnì bo ilẹ̀ náà, ínǹṣì 2 sí 3, kó má kan ara igi. Ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa bu omi sí i dáadáa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí òjò ò bá rọ̀. Tó bá jẹ́ inú ìkòkò ni, ìkòkò náà gbọ́dọ̀ tóbi, kó sì ní ihò nídìí. Tí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹyìn tó bá ti yọ òdòdó tán ni, nítorí ọdún tó ṣáájú ló ti ń di ìrudi òdòdó sílẹ̀.

Nǹkan kan tó kù: ìgbà òtútù. Ewé á tán lára rẹ̀, á dà bí igi ìdáná. Màámi rí tèmi lórí fídíò láti Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ṣé èyí ò ti kú báyìí? Fà á tu, kí o gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀." Mo ní, "Ó ń sùn ni, mà." Wọn ò gbà. Mo bá fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, wọ́n sì rí àwọ̀ ewéko lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Óò. Fi sílẹ̀ nígbà náà." Ẹ̀yin náà, ẹ ha èèpo kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun tu.

Kì í tètè dàgbà o. Ẹni tó ń wá ohun tó máa bo ògiri lọ́dún kan, kó wá òmíì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ilẹ̀ ìwọ̀nba àti sùúrù ìwọ̀nba, ẹ rà á kí ilẹ̀ tó dì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì fi ètò yìí ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ lọ ra burning bush. Ó dìgbà kan ná.